Ẹ kú ìdúró de Windows: lẹ́tà ṣíṣí sí Áfáà Atẹ̀wé, Koussountou

Ẹ̀gbọ́n mi Áfáà,



Láti Kambolé dé Tchamba, wọ́n ti mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé lọ́dọ̀ yín, kó yáa jẹun kó tó wá. Ẹ ó tan kọ̀ǹpútà, ẹ ó ṣe àlùwàlá, ẹ ó kírun alásárì, ẹ ó kí àwọn oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan tilé-tilé, òbìrìkìtì kékeré yẹn á ṣì máa yí lójú ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ó ní iná ni. Lọ́jọ́ tí iná bá dúró ire, ẹ ó ní íntánẹ́ẹ̀tì ni. Áfáà, kí ló kan íntánẹ́ẹ̀tì nínú lẹ́tà tí ẹ fẹ́ tẹ̀?

Hard disk yín ló jẹ̀bi. Àwo pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ń yí nígbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, apá tín-ín-rín kan sì ń sáré lókè rẹ̀ kiri. Bí Windows bá ń jí, fáìlì kéékèèké lóríṣiríṣi ló ń pè lẹ́ẹ̀kan náà, apá ọ̀hún á wá máa fò síhìn-ín, á máa fò sọ́hùn-ún. SSD, irú ibi ìpamọ́ fáìlì mìíràn tí a lè fi rọ́pò hard disk, kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú. Èyí tó ń lo SATA lè ka nǹkan bí 550 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti yín, bó bá gbìyànjú tán, á wà ní bí 100. Ẹ má sì lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun ní Lomé nítorí èyí; ẹ kàn fi SSD rọ́pò hard disk yín.

Ẹ ní ẹ̀rù ń bà yín kí ìwé oníbàárà má sọnù. Ìyẹn bójú mu, mi ò ní fi ṣe yín ní yẹ̀yẹ́. Ẹ kọ́kọ́ da àwọn ìwé náà sórí disk mìíràn. Lẹ́yìn náà, Clonezilla, ètò kọ̀ǹpútà kan tí a kì í sanwó fún, á kó Windows àti gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ sórí SSD bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọjà Sokodé, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí: bí disk yín bá jẹ́ 500 GB, SSD 480 GB kò ní gbà á bó ṣe wà. Ẹ ra èyí tó bá a dọ́gba tàbí tó jù ú lọ. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ wọn tán, ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ lórí ti àtijọ́, àfi ìgbà tí tuntun bá ti ń tàn dáadáa.

Mi ò ní SSD ń wo gbogbo àìsàn o. Bó bá jẹ́ Windows 10 ni ẹ ń lò, Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró láti 14 Oṣù Kẹwàá 2025. Ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Áfáà, àsìkò ìdánwò BEPC àti Baccalauréat ń bọ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé á tò síwájú ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra SSD náà kí wọ́n tó dé.

Àbúrò yín,
ní Sokodé