Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ̀ Ju Ìwé Lọ

Àbúrò ìyàwó mi fi Kindle ránṣẹ́ sí mi láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo gbé e lọ sí Arákàlẹ̀ ní Àkúrẹ́ kí wọ́n bá mi wá àpò tí yóò gbà á. Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣe WhatsApp?"

Rárá.

"Ó ń ya fọ́tò?"

Rárá.

"Tọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

Mo ní kò ní tọ́ọ̀ṣì, ìwé ni wọ́n fi ń kà. Ó rọra dá a padà fún mi bí ẹni gbé ọmọ aláìsàn fún ìyá rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí wọ́n bá ní kí wọ́n dìídì ṣe ẹ̀rọ fún ará Àkúrẹ́, òun náà ni wọn ì bá ṣe. Ojú rẹ̀ jọ bébà. Oòrùn ọ̀sán Ọjà Ọba kì í pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́. Kì í jẹ iná bíi fóònù, ṣáàjì ẹ̀ẹ̀kan a sì máa gbé e fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Fóònù mi, ọ̀gá iṣẹ́ gbogbo, ti ń kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí Amazon kọ́kọ́ gbé Kindle jáde ní 2007, ní dọ́là 399, wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n fi rà á tán ní Amẹ́ríkà, níbi tí iná kì í ti í ṣàdédé lọ. Àwa tí iná ń lọ ní tiwa là ń bèèrè tọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀ṣun tó múlé tì wá gbìyànjú. Ní 2013, Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ ilé-ìwé gírámà: ìwé kíkà, ìbéèrè WAEC àtijọ́, kódà Bíbélì, Kùránì àti Ifá pàdé nínú rẹ̀ láìjà. Lọ́dún yẹn kan náà ni OkadaBooks, ilé ìtàwé orí ẹ̀rọ, gba ọ̀nà mìíràn, ó ní kí ìwé kúkú gun fóònù tó ti wà lọ́wọ́ wa. Ó dùn létí. Ní oṣù kọkànlá 2023, ọ̀kadà náà já èrò sílẹ̀, ó kógbá wọlé.

Kò yà mí lẹ́nu. Mo ti gbìyànjú ìwé orí fóònù rí, nínú mọ́tò láti Oǹdó sí Àkúrẹ́. Ojú ìwé kìíní ni mo wà tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ìjà owó aṣọ ẹbí lórí WhatsApp. Kí a tó dé gáréèjì, mo ti dá sí ìjà náà lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì ti sọ ohun tí mo ní láti tọrọ àforíjì fún. Ojú ìwé kìíní ni mo ṣì wà.

Kindle kì í pe èèyàn síjà. Ó wà lórí tábìlì oúnjẹ báyìí. Ìyàwó mi fi fóònù rẹ̀ tì í kí fíìmù lè dúró dáadáa. Ó ní òun ò mọ̀ pé ó wúlò tó báyìí.