Ṣòkòtò Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Rán

Ẹnu mi ló kó bá mi. Níbi ìkómọ kan ní Muṣin ni. A ti jẹ, a ti mu, ni ọmọkùnrin kan bá ń ròyìn pé òun fẹ́ sá maratọ́ọ̀nù Èkó, eré tí wọ́n sábà máa ń sá nínú oṣù kejì láti 2016. Ó ní kìlómítà 42 ni. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ẹsẹ̀ tó ti ń wa maṣíìnì ìránṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ fún ọdún 19, kí ni wọ́n ń pè ní eré lójú rẹ̀? Bàbá Risi, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tèmi, rọra gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Bàbá Táyé, maṣíìnì kì í kúrò lójú kan o."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ forúkọ sílẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ni mo ní láti fi gbára dì, ṣùgbọ́n ta ni yóò pa aṣọ Kérésì oníbàárà tì nítorí eré? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo rí lò. Ibi tí mo sá dé tó jìnnà jù ni Ìyànà Ìsọlọ̀, dánfó ni mo sì wọ̀ padà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ṣòkòtò. Mo wo péńpé tí àwọn sárésáré ń wọ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, mo ní kí ni mo kọ́ṣẹ́ fún? Mo fa àǹkárá tó ṣẹ́kù lára aṣọ ẹbí kan yọ, aláró tó ní ẹyẹ pupa, mo gé e, mo rán an. Kó má baà ya mọ́ mi lára lójú títì, mo rán ojú abẹ́ itan lẹ́ẹ̀mejì, mo ṣẹ́ ẹ po, mo tún fi òwú líle tí mo fi ń rán jíǹsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi fọwọ́ kàn án, ó ní, "Ọ̀gá, ibí yìí le bí okùn o." Mo ní kó gbájú mọ́ bọ́tìnnì tó ń kàn.

Lọ́jọ́ eré, aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì Agége. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Táyé, ṣé ẹ̀wà lèèyàn ń jẹ sáré?" Mi ò dá a lóhùn. Ẹ̀wà náà dá a lóhùn nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fo ibẹ̀.

Iwájú pápá ìṣeré ńlá Súrùlérè la ti gbéra. Mo ti ṣírò tèmi sílẹ̀: Abraham Kiptum, ọmọ Kẹ́ńyà tó gbégbá orókè lọ́dún àkọ́kọ́, lo nǹkan bíi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 16. Bí n bá fún ara mi ní ìlọ́po méjì rẹ̀, ó ti tó. Bí wọ́n ṣe yìnbọn báyìí, mo bẹ́ síwájú bí onígbèsè tó rí olówó lọ́ọ̀ọ́kán. Láti Fádéyí títí kan Onípáànù, àwọn èrò ẹ̀gbẹ́ títì ń pariwo, "Àǹkárá! Àǹkárá!" Orí mi wú. Mo kọjá àwọn tó mọ̀ ju mí lọ. Nígbà tí a fi dé Maryland, gbogbo wọn ti padà kọjá mi, wọ́n tún ń kí mi ní pẹ̀lẹ́.

Gbàgádà ni ojú ìrán náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ dà bí ìgbà tí èèrà ń rìn lábẹ́ itan. Nígbà tó yá, ó di ayùn. Ìṣísẹ̀ kan, ó rẹ́ mi lọ́tùn-ún. Ìṣísẹ̀ kejì, ó rẹ́ mi lósì. Òógùn wá ń ṣàn tiyọ̀tiyọ̀ wọ ojú egbò. Mo ya ẹsẹ̀ gàgà bí ọmọ tí olóòlà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gun afárá Third Mainland.

Afárá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12. Ojoojúmọ́ ni dánfó máa ń kún ibẹ̀ dí. Ọjọ́ tí mo nílò ẹyọ kan ṣoṣo, ìjọba ti lé gbogbo wọn kúrò. Lọ́wọ́ ọ̀tún, lápá Màkókó, obìnrin kan ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó yá jù mí lọ. Ọkùnrin oníkùn kan sá kọjá, fóònù wà létí rẹ̀, ó ń ná sìmẹ́ńtì, ó ní kí wọ́n yọ igba náírà kúrò lórí àpò kan. Èémí rẹ̀ ò tilẹ̀ já.

Ọmọbìnrin kan tó ń pín omi wo ìrìn mi, kò bi mí ní nǹkankan, ó na ike fasilíìnì sí mi. Mo bu ú, mo ki ọwọ́ bọ ṣòkòtò láàárín ọ̀pọ̀ èrò. Mi ò rójú tì.

Wọ́n ti sọ fún mi pé ṣúgà tí ara tọ́jú sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ sábà máa ń tán ní nǹkan bíi kìlómítà 30. Tèmi ò purọ́. Ní Ìkòyí, ẹsẹ̀ mi di igi. Nígbà tí mo rí àmì kìlómítà 40, tí eré ò sì tíì parí, inú wá bí mi gidi. Ní Áténì ní 1896, nǹkan bíi kìlómítà 40 ni eré yìí. Lọ́ńdọ̀nù ní 1908 ni wọ́n ti mú un láti ààfin Windsor dé iwájú ìjókòó ọba nínú pápá, tó fi di 42 àti mítà 195. Ní 1921 wọ́n wá sọ ìyẹn di òfin. Èmi télọ̀, bí aṣọ bá gùn ju ẹni tó ni ín lọ, gígé ni mò ń gé e. Ṣé kò sí àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ wọn ni?

Wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40 ni mo fi dé Eko Atlantic. Wọ́n fi mẹ́dàlì kọ́ mi lọ́rùn. Mo wá ibì kan sùn sí, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ò fara kanra.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró lórí mi, ara rẹ̀ ń dán. "Ẹ kú eré o, ẹ̀gbọ́n. Ṣòkòtò yín yìí wù mí gan-an. Ta ló bá yín rán an? Àwa méjìlá la máa sá eré tọdún tó ń bọ̀, irú ẹ̀ gan-an la fẹ́ wọ̀."

Mo ní kó mú fóònù rẹ̀ jáde. Mo ka nọ́ńbà Bàbá Risi fún un.