Ọ̀gá Kòńsọ́tántì, Ẹ Gun Ọ̀kadà Wọ Ìjàgbó Ná

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí àwọn èèyàn ńlá kan. Mo kí ẹ̀yin agbaninímọ̀ràn lórí lílọ-bíbọ̀ ọkọ̀ nígboro, ẹ̀yin tí a kì í rí láìsí kọ̀ǹpútà lábíyá, tí káàdì ìdánimọ̀ máa ń fì dirodiro lọ́rùn yín, àfi bíi pé ẹ̀rù ń bà yín kẹ́ ẹ má ṣì ara yín mọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìmọ̀ràn. Ẹ̀yin lẹ̀ ń wọ bàálù wá láti òkè òkun wá sọ fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn látàárọ̀ pé ẹsẹ̀ rírìn dára fún ìlera.

Mo mọ̀ pé ọjà yín ń tà. Ní Paris lọ́dún 2015, níbi tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè ti pé jọ sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ MobiliseYourCity, tó ń bá àwọn ìlú gbé ètò kalẹ̀ lórí bí ará ìlú yóò ṣe máa lọ tí yóò máa bọ̀ láìsí èéfín púpọ̀, láìsí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Douala àti Yaoundé ní Kamẹrúùnù ti jẹ nínú rẹ̀. Wọn ò tíì dárúkọ Ìjàgbó. A ò bínú, a gbà pé ẹni tó ń kọ ìwé ìpè ni kò tíì dé orí lẹ́tà I.

Ẹni tí kò bá mọ Ìjàgbó, kó máa bọ̀ láti Ajáṣẹ́-Ìpo, kó kọjú sí Ọ̀fà. Kó tó wọ Ọ̀fà ni yóò kàn wá. A súnmọ́ra débi pé bí wọ́n bá da ata sínú epo gbígbóná ní Ọ̀fà, Ìjàgbó ló máa sín. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yún làwa wà, tí oríkò rẹ̀ wà ní Ìlémọ̀nà. Ọ̀fà ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Bí kòtò kan bá wá lọ ṣèèṣì yọjú síbi tí ìlú méjèèjì ti fẹnu kora, kòtò náà ti ní alága méjì nìyẹn, kò sì ní rí ẹyọ kan tí yóò dí i.

Ti títì ńlá gan-an tún burú jùyẹn lọ. Títì tó ti Ajáṣẹ́-Ìpo wá sí Ọ̀fà, tó gba Ẹ̀rìn-Ilé dé ààlà Ọ̀ṣun, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ìyẹn ni pé kòtò tó bá wà lórí rẹ̀, ọmọ Abuja ni, ó kàn ń gbé ọ̀dọ̀ wa ni. Ẹ lọ bá káńsù, wọ́n á ní kì í ṣe tàwọn. Ẹ dé Ìlọrin, wọ́n á kí yín dáadáa, wọ́n á fún yín lómi tútù mu, wọ́n á ní kì í ṣe tàwọn. Bẹ́ ẹ bá sì wọkọ̀ ó di Abuja, àwọn kòtò tẹ́ ẹ máa bá pàdé lọ́nà á ti mú yín gbàgbé èyí tẹ́ ẹ tìtorí rẹ̀ gbéra nílé.

Ó dáa, ká gbà pé kòńsọ́tántì dé. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, wọ́n ti gbé mít-páì àti òrombó ẹlẹ́rìndòdò sí i, iná ti lọ lẹ́ẹ̀kan, jẹnẹrétọ̀ ti gbà á. Ọ̀gá dìde, ó fi àwòrán hàn lára ògiri, ó ní ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ni pé ká yé máa dá ọkọ̀ wọ̀, kí èèyàn púpọ̀ máa jọ wọ ọkọ̀ kan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ń dá ọkọ̀ wọ̀ ní Ìjàgbó? Kábù tó ń ná Ọ̀fà, mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o! Ẹni tó há sáàárín níwájú, orí ọ̀pá jíà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sí. Bí dẹ́rẹ́bà bá fẹ́ wọ jíà kẹta, àfi kó tọrọ gáfárà. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí wíńdò, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀, ọ̀dọ̀ dẹ́rẹ́bà ló ń gbé. Bí ooru bá mú ọ, o ó bẹ̀bẹ̀, wọ́n á nà án sí ọ, o ó yí tìrẹ wálẹ̀, o ó sì dá a padà kíákíá torí ìyá tó wà lápá kejì ti ń làágùn. Ìta ni wọ́n ti ń ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ewúrẹ́ ń ráhùn nínú búùtù tí wọ́n fi okùn so pọ̀, agbọ̀n gààrí wà lórí itan ẹnì kan tí kì í ṣe òun ló ni gààrí. Èèyàn méje pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà, ewúrẹ́ kan, ẹ́ńjìnnì kan. Ẹ lọ káàkiri Yúróòpù, kẹ́ ẹ bá mi wá ìlú tó ń fún epo lò jù báyìí lọ. Bí wọ́n bá ń pín àmì ẹ̀yẹ lórí àyíká, dẹ́rẹ́bà yẹn ló yẹ kó gorí pèpéle, bí wọ́n bá ti lè mójú kúrò lára èéfín dúdú tó ń tú jáde nídìí mọ́tò rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Màrúwá. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn. Ọ̀gágun Buba Marwa ṣe gómìnà ológun l'Ékòó láti 1996 sí 1999, ó kúrò níbẹ̀ lọ́wọ́ kan, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé orúkọ rẹ̀ kiri ìlú títí dòní. Àwọn gómìnà mìíràn ń sọ afárá lórúkọ ara wọn. Ti Marwa nìkan ni kò sí kòtò kan nílẹ̀ Yorùbá tí orúkọ rẹ̀ ò tíì já sí.

Nínú gbogbo ẹ̀fẹ̀ yìí, nǹkan kan ń dùn mí. Àwọn ètò tí owó ń bẹ nídìí wọn, ojú méjì ni wọ́n sábà fi ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní ti ìlú ńlá: bọ́ọ̀sì tó ní ọ̀nà tirẹ̀, rélùwéè ìgboro, afárá tó gorí afárá. Wọ́n ní ti oko: irú RAAMP, ètò ọ̀nà oko àti ọjà tí Báńkì Àgbáyé àti àjọ ìdàgbàsókè ilẹ̀ Faransé ń kówó sí, tí Kwara náà wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ìjàgbó wá ńkọ́? Onímọ̀ràn ìlú ńlá á wò wá lókè lódò, á ní oko rèé. Onímọ̀ràn ọ̀nà oko á dé, á rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, á rí òpó iná, á rí akẹ́kọ̀ọ́ Poli Ọ̀fà tó wọ ṣòkòtò jíǹsì tó ya lórúnkún, á ní ìgboro mà nìyí, á wọ jíìpù rẹ̀ padà. Poli yẹn ti wà ní Ọ̀fà láti 1992. Àwọn ọmọ náà ò sì yé dé. Ìlú tó ń dàgbà lójoojúmọ́, tí kò tíì tóbi tó ohun tí wọ́n ń yàwòrán fún, ibẹ̀ gan-an ni ìmọ̀ràn ti yẹ kó wúlò jù, torí pé ibi tí ilé kò tíì kún ni èèyàn ti lè fi ààyè ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀ láìwó ilé onílé.

Ìmọ̀ràn kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé agbègbè wa. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń la rélùwéè láti Èkó, Sir William Shelford ni ẹnjiníà tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Àlàfo irin tí wọ́n yàn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀ ni, nítorí pé òun ló dínwó. Ọkọ̀ dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Ọ̀fà dé Ìlọrin ní 1908. Shelford ti kú ní 1905. Ẹ rí i pé àṣà kí kòńsọ́tántì ti lọ kí iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ó ti wù kó rí, ti bàbá yẹn ní àwíjàre.

Irin tóóró náà ṣì wà ní Ọ̀fà. Èyí tó fẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní 2006 pé yóò ti Èkó dé Kano, wọ́n ṣí apá Èkó sí Ìbàdàn ní Oṣù Kẹfà ọdún 2021, Mọ́níyà ní Ìbàdàn ló sì parí sí. Ọmọ Ìjàgbó tó bá fẹ́ wọ rélùwéè ìgbàlódé, kó kọ́kọ́ fi mẹ́rin-lẹ́yìn-méjì-níwájú dé Ìbàdàn.

Kí ará Èkó má rẹ́rìn-ín jù. Ní 1983, Lateef Jakande, gómìnà Èkó nígbà náà, ti gbàmọ̀ràn tán, àwọn Faransé ti ṣetán láti ṣiṣẹ́, wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ rélùwéè ìgboro lélẹ̀. Ìparí ọdún yẹn ni Ọ̀gágun Muhammadu Buhari gbàjọba, nígbà tó di 1985 ìjọba rẹ̀ wọ́gi lé e. Owó tó bá a lọ lé ní 78 mílíọ̀nù dọ́là. A sanwó kí iṣẹ́ má wáyé! Lẹ́yìn náà ni Èkó tún bẹ̀rẹ̀ rélùwéè Blue Line, wọ́n ní 2011 ni yóò parí. Ọdún ń gorí ọdún, títí ó fi di ọjọ́ 24 Oṣù Kìíní ọdún 2023. Ta ni wọ́n pè kó wá ṣí i? Buhari náà ni. Ìyàwó tó lé jáde nílé ní 1985, òun kan náà ló gbé agbádá wọ̀ wá bá wọn so yìgì rẹ̀ ní 2023, tó tún ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ òun àti Jakande. Èrò ò tiẹ̀ wọ ọkọ̀ náà títí di ọjọ́ 4 Oṣù Kẹsàn-án. Abuja ní tirẹ̀ ṣí rélùwéè ìgboro ní 2018, ó dákẹ́ ní 2020, wọ́n tún wá ṣí i ní 2024. Bí wọ́n bá ń fi rìbọ́nì gígé gbé èrò ni, Nàìjíríà ì bá ti gbé gbogbo wa dé Mẹ́kà.

Síbẹ̀, n kò ní parọ́ mọ́ agbaninímọ̀ràn. Nǹkan kan wà tí wọ́n bá Èkó ṣe tó yọrí. Ní 2002 ni òfin dá LAMATA sílẹ̀, ọ́fíìsì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò jù kó jókòó ti ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lọ. Wọ́n lọ wo Curitiba ní Brazil, níbi tí bọ́ọ̀sì ti ní ọ̀nà tirẹ̀ láti 1974, wọ́n wo Bogotá ní Kòlóńbíà. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọn ò ní dandan ni kí tiwọn jọ ti Bogotá délẹ̀. Ibi tí àyè gbà, wọ́n fi kọnkéré pààlà. Ibi tí kò gbà, ọ̀dà ni wọ́n fi kun ilẹ̀. Ọjọ́ 17 Oṣù Kẹta 2008, BRT, bọ́ọ̀sì tó ní ọ̀nà tirẹ̀, gbéra láti Máìlì 12 dé CMS, 22 kìlómítà, lẹ́yìn bí oṣù 15 tí wọ́n dáwọ́ lé e, nǹkan bí 1.7 mílíọ̀nù dọ́là lórí kìlómítà kan. Ìlú mìíràn ń ná ìlọ́po rẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣí fìlà fún wọn ni ti àwọn yúníọ̀n awakọ̀. Ẹni tó bá mọ páàkì l'Ékòó nígbà náà mọ̀ pé èèyàn kì í gbèrò ọkọ̀ lẹ́yìn àwọn NURTW kó sùn kó han-run. LAMATA ò lé wọn. Wọ́n bá wọn jókòó, wọ́n bá wọn jiyàn, wọ́n ṣàlàyé owó tó wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn awakọ̀ náà ló sì kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà ṣe. Dẹ́rẹ́bà tó ti ń fi sìlípáàsì tẹ búréèkì dánfó láti ọdún pípẹ́ di ẹni tó ń wọ yunifọ́ọ̀mù, tó ń dúró níbi tí wọ́n ní kó dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ dánfó, ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ìyanu ni?

Ó wá kan àwa fúnra wa. Ẹ má rò pé mo ti gbàgbé yín, ẹ̀yin ará Ìjàgbó, àtẹ̀yin ará Ọ̀fà tẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ gọ́tà lónìí, a ó fi nálọ́nù omi dí i lọ́la. Òjò á rọ̀, omi á gba orí títì, a ó fi ọwọ́ mú ìgbáròkó, a ó ní ìjọba yìí ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì á da bọ́ǹpù tirẹ̀, gíga rẹ̀ á tó ìyì tó rò pé òun ní láwùjọ. Bí ìnáwó bá sì ṣẹlẹ̀, kánópì á dí títì láti Jímọ́ọ̀, olórin á gbé gòǹgò sáàárín ọ̀nà, ọkọ̀ tó gbé aboyún á bá ẹ̀yìn ilé yípo, a ó tún ní kó dúró gba jọ̀lọ́ọ̀fù. Kòńsọ́tántì wo ló fẹ́ gbà wá nímọ̀ràn lórí ìyẹn?

Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ rán agbaninímọ̀ràn sí wa, kó rán an. A ò kọ̀. Àmọ́ kí ó fi jíìpù sílẹ̀ ní Ajáṣẹ́-Ìpo. Kó gun ọ̀kadà wọ Ìjàgbó lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, kó fi Màrúwá lọ sí ọjà Owódé ní Ọ̀fà lọ́jọ́ ọjà, kó sì fi ẹsẹ̀ rìn padà pẹ̀lú àwọn ìyá tó gbẹ́rù lórí, tí tírélà ń ta omi sí láṣọ nítorí pé ibi tí wọn ì bá máa rìn, gọ́tà tí kò ní ọmọrí ló wà níbẹ̀. Kó bi ọlọ́kadà, kó bi oníkábù, kó kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ kó tó ṣí kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin alága Ọ̀yún àti Ọ̀fà, ẹ ò nílò owó dọ́là kẹ́ ẹ tó jókòó sídìí tábìlì kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọrí gọ́tà àti ibùdókọ̀ kan tí kábù òun Màrúwá yóò ti máa gbèrò láàárín ìlú méjèèjì, kẹ́ ẹ sì jọ kọ̀wé kan ṣoṣo sí Abuja lórí títì ńlá yẹn, kó tó di pé òjò tún dé.