Ó Mọ Ọdún 1905, Kò Mọ Aago Mẹ́rin

Bí ẹnìkan bá sọ ní Ajùwọ́n pé òun fẹ́ lọ wo ààfin tí àwọn Jámánì kọ́, wọ́n á bi í bóyá físà rẹ̀ ti jáde. Akọ̀wé yín (èmi náà ni o, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n lè pe ara mi lórúkọ) ló là á yé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan wà nítòsí, ní Lomé, olú ìlú Tógò. Kò sì gba físà: láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti ṣàdéhùn pé ọmọ ọ̀kan lè wọ èkejì láìgba físà, kó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ níbẹ̀.

"Àárọ̀ la ó lọ, alẹ́ la ó padà dé," ni akọ̀wé yín wí. Àwọn ọ̀rẹ́ náà, títí kan àǹtí oníkẹ́míìsì àti bọ̀dá télọ̀, gbà á gbọ́. Àṣìṣe tiwọn kò ju ìyẹn lọ. Gbogbo èyí tó kù, tirẹ̀ ni.

Kò sẹ́ni tó lè ní kò kàwé kó tó gbéra. Ó mọ̀ pé ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1884 ni Gustav Nachtigal àti àwọn aṣojú Ọba Mlapa Kẹta tọwọ́ bọ̀wé ní Baguida, tí Jámánì fi gba Tógò sábẹ́. Ó mọ̀ pé ọdún 1897 ni Lomé di olú ìlú, pé ní 1898 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ààfin náà lélẹ̀ láyé gómìnà August Köhler, pé 1905 ni iṣẹ́ tó parí, nígbà tí Köhler fúnra rẹ̀ ti kú láti 1902. Ó ń rò ó fún wọn nínú ọkọ̀ láàárọ̀ kùtù, ó rò ó títí dé Ìjú. Ìjú ló ti rántí pé yẹ́lò káàdì òun, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, wà lórí tẹlifíṣọ̀n nílé.

Wọ́n ṣẹ́rí padà. Àǹtí oníkẹ́míìsì, tó ti ń rán wọn létí káàdì náà láti ọjọ́ Àìkú, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn kọjú sí fèrèsé.

Oòrùn ti mú kí wọ́n tó kúrò ní Sẹ̀mẹ̀, ẹni tó sì kọ́kọ́ jìyà rẹ̀ ni bọ̀dá télọ̀. Agbádá aṣọ òkè ló wọ̀, nítorí fọ́tò tó fẹ́ yà níwájú ààfin. Àwọn tó kù bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ láti gba òǹtẹ̀. Òun ní tirẹ̀, wọ́n ní láti fà á yọ. Wọ́n kọjá Kùtọnu, wọ́n kọjá Ouidah, wọ́n kọjá Grand-Popo. Nígbà tí wọ́n máa fi dé Hillacondji, níbi tí ilẹ̀ Benin ti parí tí ti Tógò bẹ̀rẹ̀, ó ti kọjá aago mọ́kànlá. Wọ́n gba òǹtẹ̀, wọ́n sọdá, akọ̀wé yín sì wo fóònù rẹ̀. Aago mọ́kànlá kò tíì lù!

Ó yìn awakọ̀. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tó ń wakọ̀ báyìí rí. Awakọ̀ dúpẹ́, kò mọ ohun tí wọ́n ń yìn ín sí. Kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn nínú ọkọ̀ náà pé Benin àti Nàìjíríà jọ ń lo aago kan náà ni, pé Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wọn, àti pé fóònù máa ń yí ara rẹ̀ padà bó bá ti gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ mìíràn. Aago ọrùn ọwọ́ kì í yí ara rẹ̀ padà. Aago ọrùn ọwọ́ ni awakọ̀ ń lò.

"Aago márùn-ún ni mò ń ṣí," ni awakọ̀ wí nígbà tó já wọn sílẹ̀ ní Lomé. "Ẹni tí mi ò bá rí, ó di ọjọ́ mìíràn."

Ààfin náà kò já wọn kulẹ̀. Ó funfun, ó kọjú sí òkun, ọgbà tó yí i ká sì tó hẹ́kítà 11. Ọdún méje ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọdún mẹ́sàn-án péré ni Jámánì sì fi gbé inú rẹ̀: ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé lé wọn lọ. Àwọn gómìnà Faransé ló gbà á lẹ́yìn náà, lẹ́yìn òmìnira 1960 ó di ti ìjọba Tógò. Nígbà tó yá, wọ́n pa á tì fún ohun tó ju ogún ọdún lọ, igbó bò ó, kí wọ́n tó tún un ṣe. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ọnà, wọ́n sì fi ìpàtẹ ohun àwọn ọba ilẹ̀ Tógò ṣí i. Ilé tí gómìnà òyìnbó kọ́, ọba ilẹ̀ ló padà kún inú rẹ̀.

Agbádá wá níyì. Àwọn àlejò mìíràn ń bẹ bọ̀dá télọ̀ kó jẹ́ káwọn bá a ya fọ́tò. Ó jọ pé wọ́n rò pé ara ìpàtẹ ni. Kò já wọn nírọ́.

Nígbà tí fóònù lu aago mẹ́rin, akọ̀wé yín ní àyè ṣì wà, káwọn fẹsẹ̀ rìn létí òkun lọ sí gáréèjì. Ó ṣíwájú. Ẹni tó bá ń ti Lomé bọ̀ wá sí Nàìjíríà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló yẹ kí òkun wà. Ọwọ́ òsì wọn ni òkun wà. Wọ́n rìn títí wọ́n fi wọ Kodjoviakopé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀pọ̀ èrò tó ru ẹrù lọ síwájú. Akọ̀wé yín ní gáréèjì ti dé nìyẹn.

Ó dá ọlọ́kadà kan dúró, ó fi Faransé tó kọ́ nílé ìwé girama bi í léèrè ọ̀nà. Ọkùnrin náà fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin bọ̀dá," ló fi Yorùbá dáhùn, "Gánà lẹ ń lọ yẹn."

Ọmọ Ifẹ̀ ni, láti agbègbè Atakpamé, níbi tí àwọn tó ń sọ ẹ̀yà Yorùbá kan ti tẹ̀dó tipẹ́. Bodè Aflao ló wà níwájú wọn. Àǹtí oníkẹ́míìsì bi í pé kí laago wí. Ó ní ó ku díẹ̀ kó lu márùn-ún níbí, àmọ́ lọ́dọ̀ tiyín, ó ku díẹ̀ kó lu mẹ́fà.

Gbogbo ojú yí sí akọ̀wé yín. Ó wo òkun.

Inú ilé àlejò kékeré kan ni wọ́n sùn. Agbádá aṣọ òkè di aṣọ ìbora, akọ̀wé yín ló sì san owó yàrá, ní owó séfà tó yá lọ́wọ́ télọ̀.

Ní báyìí, wọ́n ti ń múra àtilọ wo Ààfin Aké l'Abẹ́òkúta. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n fẹ́ wọ̀ láti Agége, àǹtí oníkẹ́míìsì ni yóò sì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Akọ̀wé yín béèrè iṣẹ́ tó kan òun. Wọ́n ní kó máa sọ ìtàn bí ó ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kó rí i pé òun sọ ọ́ tán kí wọ́n tó kúrò nílé.