Ọkùnrin Tó Ń Jí Òkú Kọ̀ǹpútà

Ẹ kò ní pẹ́ dá a mọ̀ tí ẹ bá wọ ilé rẹ̀. Tábìlì ìjẹun ni kí ẹ wò. Kọ̀ǹpútà Commodore 64 kan ti dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, wọ́n ti tú u sílẹ̀, wáyà ti jáde nínú rẹ̀, orí itan sì ni àwọn ará ilé ti ń gbé abọ́ ìrẹsì lé láti ọdún Àjíǹde. Onílé fúnra rẹ̀ ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Irú rẹ̀ wà ní Leeds, ó wà ní Croydon, ó wà káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n tiwa náà kò gbẹ́yìn: àwọn ọmọ tí òbí wọn wá kàwé ní London, tí wọ́n fi owó èésú ra kọ̀ǹpútà fún nígbà ayé Thatcher kí wọ́n lè mọ ìṣirò, tí wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ ta géèmù. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan nínú wọn ní Peckham, tí ìyàwó rẹ̀ ń pè ní Bàbá Ìbejì.

Bàbá Ìbejì kì í ra kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́. Kí ni yóò fi ṣe? Èyí tí ẹni tó ń tà á bá sọ pé òun kò tíì dán wò ló máa ń wá kiri, gbogbo wa la sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: ó dán an wò títí, ẹ̀rọ kò dá a lóhùn. Bí páálí bá ti dé, kó tó já téèpù ara rẹ̀, Bàbá Ìbejì yóò ti mi orí.

"PLA ni."

PLA ni IC, ṣípù kékeré inú ẹ̀rọ, tó ń tọ́ka fún ọpọlọ kọ̀ǹpútà ibi tí yóò ti ka nǹkan, bóyá inú ìrántí RAM ni tàbí inú ìrántí ROM. Òótọ́ ni pé ó máa ń gbóná, òótọ́ ni pé ó máa ń kú, bó bá sì kú, ojú tẹlifíṣọ̀n á dúdú kirikiri. Ṣùgbọ́n bí RAM bá kú, dúdú náà ni. Bí ROM bá bàjẹ́, dúdú náà ni. Bí iná kò bá pé, dúdú kan náà. Bàbá Ìbejì mọ gbogbo èyí, yóò sì kà á fún yín lórí ìka, síbẹ̀ PLA ló ń bínú sí, bí ẹni tó ti mọ àjẹ́ tó ń bá òun jà kó tó wọ bàtà lọ sọ́dọ̀ babaláwo.

Òfin kan wà tí gbogbo ẹgbẹ́ wọn mọ̀. Àpótí iná tó bá Commodore 64 wá ń fún un ní 5 fóltì DC àti 9 fóltì AC. Oje líle ni wọ́n sábà máa ń dà kún inú rẹ̀, kò ṣeé tú. Bó bá ti gbó, 5 fóltì yẹn lè máa gun òkè lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, RAM ló sì máa ń san gbèsè rẹ̀. Nítorí náà, fi mítà wọ̀n ọ́n kí o tó kì í bọ kọ̀ǹpútà. Bàbá Ìbejì ti wàásù èyí fún àwọn àlejò tó wá kí wọn kú ọdún. Ó ti wàásù rẹ̀ fún pásítọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí tirẹ̀ dé, mítà wà lókè, àtẹ̀gùn pọ̀, ọwọ́ ń yún un. Ó kì í bọ̀ ọ́.

Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. "Ẹ rí i?" ló wí. "PLA."

Lójú tèmi, a ń ṣì í pè ní alátùn-únṣe. Kí kọ̀ǹpútà jí kọ́ ni olórí ohun tó ń wá. Ohun tó pa á ló fẹ́ mọ̀, ó sì fẹ́ kó jẹ́ ohun tí òun ti sọ.

Ó pààrọ̀ PLA. Dúdú. Ó jó lẹ́ẹ̀dì ìdí RAM mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kúrò, ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ nínú òtútù kí èéfín lè jáde, Ìyá Ìbejì wọ kóòtù nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Dúdú. Ó pààrọ̀ kápásítọ̀ tí kò ṣe é ní nǹkankan. Ó ra àpótí iná tuntun. Nígbà tí kò sí ohun tó kù nínú, ó kọjú sí ike ìta tó ti pọ́n: ó fi hydrogen peroxide tí àwọn onídìrí fi ń bó irun kùn ún, ó fi náílọ́ọ̀nù wé e, ó gbé e síta kí oòrùn lè dá àwọ̀ rẹ̀ padà. Oòrùn ni o, ní Peckham, nínú oṣù kọkànlá.

"Dádì, kí ló wá kù tí kò tíì di tuntun?" ni Táíwò bi í.

"Ojúlówó 1984 ni."

Bẹ́ẹ̀ gbogbo géèmù Commodore ló wà lórí fóònù Táíwò lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ ọ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sàn jù ú lọ. Àwọn oní-BBC Micro wà, ẹ̀rọ Acorn ti Cambridge tó jáde ní 1981, tí kápásítọ̀ RIFA inú àpótí iná rẹ̀ máa ń sán tí á sì bú gbàmù, tí èéfín á gba gbogbo ilé. Inú wọn á dùn pé bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn. Àwọn oní-Spectrum náà wà. £125 ni Clive Sinclair ń ta èyí tó kéré jù nígbà tó jáde ní 1982, ṣùgbọ́n RAM inú rẹ̀ ń béèrè 5 fóltì, ó ń béèrè 12, ó tún ń béèrè 5 mìíràn tó wà ní ìsàlẹ̀ òdo. Bàbá Ìbejì máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀rọ wo ló ń jẹ gbèsè kó tó lè mí?"

Ọjọ́ Sátidé kan ni Kẹ́hìndé gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. "Dádì, ṣé kì í ṣe HDMI ni TV yìí wà báyìí? Ibẹ̀ ni Táíwò ki PlayStation rẹ̀ bọ̀." Kò dúró gbọ́ èsì. Ó mú rìmóòtù, ó wá chánẹ́ẹ̀lì 36 kàn, ibi tí Commodore ti ń jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ tó ti dé ibẹ̀.

Ojú tẹlifíṣọ̀n di búlúù. COMMODORE 64 BASIC V2. 38911 BASIC BYTES FREE. READY.

Ilé pariwo. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹni tó ta ẹ̀rọ náà, òun nìkan ṣoṣo nínú gbogbo òǹtajà ayé, kò tíì dán an wò lóòótọ́, àti pé ẹ̀rọ náà kò kú rí. Ẹnikẹ́ni kò sọ ìyẹn sójú Bàbá Ìbejì. Òun náà kò yọ̀. "Mo ti mọ̀ tipẹ́," ó ní, "mo kàn fẹ́ yẹ inú rẹ̀ wò dáadáa ná ni." Ó jókòó, ó tẹ ìlà méjì tí gbogbo ọmọ ìgbà yẹn mọ̀, 10 PRINT pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀, 20 GOTO 10. Orúkọ rẹ̀ kún ojú tẹlifíṣọ̀n, ó ń sáré lọ sókè. Ó wò ó díẹ̀, ó tẹ RUN/STOP. Kò sí ohun mìíràn tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà náà ṣe.

Ṣùgbọ́n òmíràn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kì í dún. SID rẹ̀ ló kú, IC ohùn tí Bob Yannes ṣe fún Commodore, tí wọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́, tó sì ti gbówó lórí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dojú èyí tó ń ṣiṣẹ́ dé.

"Bàbá Ìbejì, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáa lẹ tún ń tú yẹn?"

"Mo fẹ́ fi SID rẹ̀ dán tọ̀hún wò ni, Ìyá Ìbejì. Màá dá a padà."

Sukudiráfà ló fi wú u. Ẹsẹ̀ IC náà kan dá sínú ihò. Lálẹ́, kọ̀ǹpútà méjì tó yadi ló wà lórí tábìlì, Bàbá Ìbejì sì ti ń ṣàlàyé fún Táíwò pé ooru ló pa SID yẹn, pé òun ti ń fura sí i láti àárọ̀.