Màmá ni Mo Yà, Bàbá ni Wọ́n Rí

Bí ẹ bá gbọ́ ní Ìlaròó pé ẹnì kan gbé àwòrán òkú ọkọ wá síbi ọjọ́ ìbí ìyàwó, èmi ni. Màmá onílé wa ni mo yà o! Wọ́n pé àádọ́rin ọdún ní Sátidé tó kọjá.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwòrán yíyà fúnra mi, tí mò ń yà, tí mò ń fà á ya. Ohun tó ń dá mi padà sídìí ẹ̀ ni Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni ọdún 24 péré ni nígbà tó ya Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906; 1920 ló tó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ṣẹ́. Láyé ọjọ́un, òyìnbó ló ń sọ pé adúláwọ̀ ò lè yàwòrán. Tèmi, àǹtí mi ni. "Ṣé kámẹ́rà fóònù ẹ ti bàjẹ́ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ń bí mi nínú dòní. Ta ló ń bi ẹni tó ń dáná pé ṣé kò sí búkà mọ́ ni?

Mi ò fojú lásán ya Màmá. Mo fa ìlà òró àti ìlà ìbú sórí fọ́tò wọn títí ó fi di àpótí kéékèèké, mo wá fa iye àpótí kan náà, èyí tó tóbi, sórí káádíbọ́ọ̀dù. Ohun tó bá wà nínú àpótí kan ni wàá yà kó o tó bọ́ sí òmíràn. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé ojú ẹ ò ní ráyè rò pé imú lò ń yà. Ìlà lásán ló máa rí. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, bí àpótí tọ̀tún-tòsì bá bára mu. Ti fọ́tò dọ́gba lóòró àti níbùú. Ṣùgbọ́n káádíbọ́ọ̀dù tí mo rà fẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí owó mi ṣòfò, ni mo bá fún àpótí kọ̀ọ̀kan ní íǹṣì méjì lóòró, mẹ́ta níbùú.

Màmá tí ojú wọn rí tẹ́ẹ́rẹ́! Ojú fẹ̀ bí àtẹ gààrí, imú tẹ́ pẹrẹsẹ, gèlè gbòòrò kọjá èjìká. Ẹni tó mọṣẹ́ a máa gbé àwòrán síwájú dígí kí àléébù rẹ̀ lè yọ sí i. Dígí tèmi, irùngbọ̀n ni mo fi ń fá.

Alága ìjókòó ṣí aṣọ lórí rẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Màmá bọ́ gíláàsì, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. "Ta ni bàbá yìí?"

Kí n tó lanu, ìyá àgbà kan láti Ayétòrò ti figbe ta: "Háà! Ọkọ ẹ mà ni! Bàbá nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́!"

Òdú ni Bàbá nídìí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nígbà ayé wọn. Ọkùnrin ló ń gbé e, a sì máa múra bí obìnrin, torí àwọn ìyá wa la ṣe ń jó o. Àtàrí ni igi tí wọ́n gbẹ́ ń jókòó sí, aṣọ ló ń bo ojú, wọ́n sì lè gbẹ́ gèlè mọ́ igi náà. Ní 2001, UNESCO kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Wọn ò ní kí n fi Màmá kún un.

Ìyá àgbà ń sunkún, wọ́n ń ki Bàbá. Onílù gbà á lẹ́nu wọn. Owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sí iwájú orí àwòrán. Itọ́ ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, itọ́ sì ń pa èédú mi rẹ́. Ojú òsì ti lọ kí orin tó parí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àbúrò Màmá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. "Dákẹ́ jàre, owó ń wọlé."

Màmá di ọwọ́ mi mú. "O ṣeun, ọmọ mi. Àárò wọn ti ń sọ mí." Kí ni mo fẹ́ wí? Mo dọ̀bálẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, ẹnì kan pè mí láti Ayétòrò, ó fẹ́ kí n ya bàbá òun tó ti dolóògbé. Mo ní kó fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó ní bàbá ò ya fọ́tò rí, kí n ṣáà yà wọ́n bí mo ṣe ya ọkọ Màmá. Ìdajì owó ti wọ àkáǹtì mi kí n tó rí nǹkan sọ.