Pijó Tí Kò Lọ Kọfí

Kí Pijó tó ṣe mọ́tò rárá, ẹ̀rọ ìlọkọfí ni wọ́n ti ń ṣe. Ní ọdún 1840 ni wọ́n gbé e jáde nílẹ̀ Faransé. Ọjọ́ tí mo ka ìyẹn ni wàhálà mi bẹ̀rẹ̀, torí 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná ni bàbá mi gùn títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tí orúkọ Pijó wà lára rẹ̀ tí mi ò ní gbà gbọ́.

Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Kàbà, níbi tí wọ́n ti ń gbin kọfí, ló fi hóró rẹ̀ tí wọ́n ti yan ránṣẹ́ sí mi n'Íbàdàn. Mo dà á sínú blẹ́ńdà tí a fi ń lọ ata gbígbẹ. Mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ o, tọṣẹ tọṣẹ. Ata kì í gbọ́ ti ọṣẹ. Ètè ń ta mí, imú mi ń ṣomi, mo sì ń mu ún lọ.

"Bàbá Ṣadé, ṣé kọfí ló ń pa yín lẹ́kún báyìí?"

"Ojúlówó ni. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ká tiẹ̀ yọ ti ata kúrò, ọ̀bẹ ni irin inú blẹ́ńdà, ibi tó bá ti bá hóró ló ti ń gé e. Òmíràn á di lẹ́búlẹ́bú, òmíràn á kù ní ààbọ̀. Èyí tó kúnná jù á korò, èyí tí kò kúnná á kan, méjèèjì á wá jọ pàdé lẹ́nu ẹni. Ẹ̀rọ gidi ní irin eléyín méjì, ọ̀kan dúró, ọ̀kan ń yí, àyè tó wà láàárín wọn lèèyàn fi ń díwọ̀n bí kọfí ṣe máa kúnná tó. Ọlọ àti ọmọ ọlọ náà ni. Mo mọ gbogbo èyí kí n tó lọ sọ́jà. Ìmọ̀ yẹn ò kàn bá mi débẹ̀ ni.

Nídìí ẹrù tòkunbọ̀ ni mo ti rí i: onígi, gbọọrọ, ó ń dán, àwòrán kìnnìún wà lára rẹ̀. "Pijó!" ni mo ké. (Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé níwájú ẹni tó ń tajà. Ojú ẹsẹ̀ ni owó ọjà gbéra.) Iye tí mo san, mi ò lè kọ ọ́ síbí, torí Ìyá Ṣadé náà mọ̀wé kà.

Nígbà tí mo délé, hóró kọfí ò wọlé. Mo fi ìka tì í, mo fi ìdí ṣíbí gún un, mo yí orí rẹ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Ṣadé ló gbà á lọ́wọ́ mi, tó yẹ ìdí rẹ̀ wò.

"Dádì, ata oníhóró dúdú ni wọ́n ń fi èyí lọ̀."

Òótọ́ ni ọmọ sọ. Láti 1874 ni Pijó ti ń ṣe ti ata náà. Ata tí mo sá fún nínú blẹ́ńdà ni mo tún lọ fowó rà wálé.

Mo wá ra ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tó ní eyín irin gan-an. Ó ní ibi tí wọ́n ń yí tí kọfí fi ń kúnná tàbí kó má kúnná. Èmi tí mo dàgbà sídìí èlùbọ́, mo rò pé ohun tí a bá lọ̀, bó bá ṣe kúnná tó ló ṣe dára tó, mo bá yí i dópin. Bẹ́ẹ̀ ìkòkò onígíláàsì tí wọ́n ń tẹ asẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ ni mo ń lò, kọfí tó rí hóróhóró bíi gàrí nìyẹn sì ń fẹ́.

Bàbá ìyàwó mi wà nílé lọ́jọ́ náà, wọ́n wọ agbádá funfun. Mo tẹ asẹ́, kò lọ. Mo dìde, mo fi gbogbo ara lé e. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kọfí tú sókè, ó bọ́ sórí tábìlì, ó bọ́ sára kọ́tìnì, ó sì parí sára agbádá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé aṣọ náà nípọn. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Bàbá wo aṣọ wọn. Wọ́n rọra tọ́ ìwọ̀nba tó kù nínú ìkòkò náà wò, pẹ̀lú gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

"Àna mi," ni wọ́n wí, "ṣé Nescafé ò sí nílé yìí ni?"

Ìyá Ṣadé ti lọ gbé e wá kí n tó dìde nílẹ̀.